Ojú Tí Wọ́n Fẹ́ Lẹ̀ Mọ́ Ibojì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni n kò ti lè jókòó lójú kan. Mo ń dáná, mo ń gbàgbé iyọ̀. Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ lẹ fọ́tò kan mọ́ ibojì ìyá kan ní Ìbẹ̀fun. Èmi ni mo ya fọ́tò náà. Ojú tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tó wà nínú ibojì.

Orúkọ tí mo máa dá níbí kì í ṣe orúkọ wọn. Gbogbo ìyókù rí bí mo ṣe kọ ọ́.

Ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama tí a sì fẹ́ ara wa, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè ya fọ́tò nínú oòrùn, pé inú yàrá tó ṣókùnkùn la ti ń mọ oníṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, a ní láti ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ gan-an. Bí a bá sì ti ṣí i bẹ́ẹ̀, ibi tó máa mú, tó máa hàn kedere, nínú àwòrán kì í nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Imú lè mú kí etí má mú. Nítorí èyí ló ṣe so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ abẹ́ kámẹ́rà, tó ta kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. A ó na okùn náà dé ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tí a fẹ́ yà, a ó ka kókó, a ó sì yí kámẹ́rà sí iye rẹ̀. Okùn kì í purọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ní nǹkan bí ọdún méje sẹ́yìn, nígbà ìjọba alágbádá, kí àwọn ológun tó tún gbàjọba, ọkùnrin kan tí mo máa pè ní Bùọ̀dá Káyọ̀dé wá bẹ̀ wá pé kí a wá ya ìyá òun ní Ìbẹ̀fun. Ìyá náà ń ṣàìsàn, kò sì ní fọ́tò kankan rí. Ọkọ mi ti lọ ra pépà fọ́tò ní Èkó, nítorí náà èmi ni mo lọ.

Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, igi mángòrò sì bò ó. Mo yọ fíláàṣì, ṣùgbọ́n ìyá fi ọwọ́ bojú. Ojú ń dùn wọ́n, iná díẹ̀ báyìí máa ń gún wọn bí abẹ́rẹ́, a kò tilẹ̀ lè gbé àtùpà sún mọ́ wọn. Mo ní kò burú. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fa okùn mi yọ.

Àbúrò ìyá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kékeré, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe rí okùn, ó dìde.

"Ìyàwó onífọ́tò, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ fi wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí mi tó ni.

"O fẹ́ na okùn sí aláìsàn lára? Ṣé káfíńtà ló rán ọ wá ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a bá na okùn wọ̀n lórí ibùsùn, pósí la fẹ́ kàn fún un. Ojú tì mí gidigidi. Mo ká okùn, mo fi í sápò. Mo wo inú kámẹ́rà, ó ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, mo kàn fojú díwọ̀n ni. Mo ní kí ìyá má mí, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, kò sì dá mi lójú lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. N kò sọ ọ́.

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́, Ìyá Kékeré ní kí n ya òun náà. Kò múra. Ó ṣí gèlè lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wé e, ó fi ìborùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bo èjìká, ó sì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín láti inú yàrá, wọ́n ní olè ni í láti kékeré. Òjò ṣú díẹ̀ lóde, ṣùgbọ́n mo ríran dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ya ìyẹn.

Nígbà tí mo fọ fíìmù, ọwọ́ ìyá nìkan ló mú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, ọwọ́ sì sún mọ́ kámẹ́rà ju ojú lọ. Gbogbo àpá iná tí wọ́n ní nídìí gààrí díndín hàn, títí kan ọmọńdinrín tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú wọn ṣe bàìbàì, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn èéfín. Fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà.

Mo pinnu pé màá padà lọ. Ọjọ́ kejì, Bùọ̀dá Káyọ̀dé wọlé, ó ní ìyá ti kú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run ló rán mi, pé bí kì í bá ṣe tèmi, àwọn ìbá má ní ojú ìyá àwọn láti wò mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìyẹn mọ́ mi lára. Mo wọ yàrá tí a ti ń tẹ fọ́tò, mo sì mú nẹ́gẹ́tíìfù Ìyá Kékeré, fíìmù fífọ̀ tí a fi ń tẹ fọ́tò. Mo gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò. Mo pa àmì tàdáwà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rẹ́. Mo jẹ́ kí ó dúdú díẹ̀, kí ó lè jọ inú yàrá, mo sì gbé e fún Bùọ̀dá Káyọ̀dé bíi fọ́tò ìyá rẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá Kékeré pé ìmọ́lẹ̀ wọ inú fíìmù, pé tirẹ̀ ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dúró níwájú fọ́tò náà pẹ́. Ó ní, "Ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe jọ mi. Èmi ò mọ̀ pé a jọra tó báyìí." Títí di òní, bí a bá pàdé, á rẹ́rìn-ín sí mi, á ní, "Ìyàwó onífọ́tò, ojú kan lo jẹ mí."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Mosún, àkọ́bí ìyá, tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Kàdúná, dé láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Ó wò ó, ó ní, "Kì í ṣe ìyá mi nìyí."

Àbúrò rẹ̀, Bùọ̀dá Káyọ̀dé, dá a lóhùn pé, "Ọdún mẹ́fà lẹ ò wálé, Àǹtí. Ẹ ti gbàgbé ojú wọn ni." Àwọn èèyàn ní àìsàn máa ń yí ojú padà. Èmi ni Mosún yíjú sí.

"Ẹ̀yin lẹ yà á. Ṣé ìyá mi nìyí?"

Mo ní, "Òun ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ọkọ mi ti gbé ọ̀kan nínú fọ́tò náà kọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń fi han àwọn oníbàárà pé ẹ wo bí ìyàwó òun ṣe mú ojú nínú òkùnkùn. Nígbà tó bi mí pé ìmọ́lẹ̀ wo ni mo lò, mo ní ti fèrèsé ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Mosún wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti hu ewú. Ó ní nígbà kan òun ní ojú ìyá òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ti lé e lọ, èyí tó wà nínú fọ́tò ló kù. Ó ní bí òun bá ti wò ó, òun a máa bẹ ìyá òun pé kó dárí ji òun, pé òun lọ jìnnà títí òun fi gbàgbé rẹ̀. Ó wá fẹ́ kí n ṣe é ní ńlá, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ símẹ́ǹtì ibojì, kí òun má baà gbàgbé mọ́.

Mo ní kò burú. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ìyá Kékeré ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ibojì náà wà, ibẹ̀ ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo ka okùn sí èèwọ̀ fún aláìsàn, èmi náà ni mo wá fẹ́ gbé ojú alààyè fún bíríkìlà kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibojì.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ní nẹ́gẹ́tíìfù àkọ́kọ́ nínú agolo. Lánàá, nígbà tí ọkọ mi jáde, mo tẹ ọwọ́ ìyá nìkan jáde, tòun ti àpá iná àti ọmọńdinrín tó tẹ̀. Ó mú ṣáká. Bí Mosún bá rí i, á mọ̀ ọ́n, n kò ṣiyèméjì. Ó wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti dé ibùdókọ̀ Ìbẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún: ọmọ tí mo gba ojú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí Ìyá Kékeré tí mo gba ojú rẹ̀ fún òkú?