Ìran Tí Mo Rí Lórí Káàdì Méjì Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé n kì í sáré sọ̀rọ̀ láàárín ìjọ. Ohun tí mo rí nìkan ni n ó sọ. Ibi tí kò bá dá mi lójú, n ó wí bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí Jídé ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni mo ti ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Sístà Bọ́lá inú ẹgbẹ́ akọrin wá ra káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n yan èyí tí kò wọ́n fún òun. Tòkunbọ̀ méjì ló wà nílẹ̀, iye kan náà ni wọ́n. Nígbà tí mo kì wọ́n bọ kọ̀ǹpútà, ojú kọ̀ǹpútà pe ọ̀kan ní orúkọ káàdì kékeré àtijọ́, ó pe èkejì ní orúkọ káàdì ńlá. Kò yé mi bí káàdì ńlá ṣe máa jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú kékeré, mo ń yí wọn wò ṣáá.

"Bùrọ̀dá Káyọ̀, káàdì lẹ ń yàn ni, àbí ìyàwó?"

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, Sístà."

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Mo wà nínú ààwẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo bi Olúwa léèrè èwo ni kí n tà. Bí mo ṣe ṣe àmín, mo gbé orí lé tábìlì, oorun gbé mi lọ.

Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí. N kò ní pè é ní áńgẹ́lì, nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Dìde." A dé ibì kan tó tutù, tó mọ́lẹ̀ láìsí oòrùn. Àwọn olóòótọ́ jókòó, ara tù wọ́n. Màámi tó ti ṣaláìsí wà láàárín wọn, àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màámi wo ẹ̀yìn mi.

"Káyọ̀, Jídé ń kọ́? Wọ́n ní ó ti kúrò láyé. Mo ń retí rẹ̀."

Ẹni tó ń darí mi fà mí lọ́wọ́.

Ìsàlẹ̀ la kọrí sí, ooru gbá mi lójú, mo gbọ́ igbe, mo rí àwọn onírọ́ tí ahọ́n wọn gùn dé ilẹ̀ tí iná ń jó o, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń sá fún ara wọn tí ẹ̀wọ̀n ń fà wọ́n padà, mo rí àwọn aninilára lábẹ́ àpáta gbígbóná tí kò jẹ́ kí wọ́n kú, mo ní kí a padà, a ń lọ, a ń lọ, títí mo fi rí ọkùnrin kan tó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, káàdì pípọ́n bí ẹyin iná wà lórí wọn, fáànù ara àwọn káàdì náà ń yí, wọ́n ń fẹ́ ọwọ́ iná sí i lójú.

Jídé ni.

"Kí ló ṣe?" ni mo bi ẹni náà.

"Ó ń pa orúkọ inú káàdì kékeré rẹ́, ó ń kọ ti ńlá sí i, ó sì ń tà á fún àwọn tó fọkàn tán an."

Ẹ̀gbọ́n mi dá mi mọ̀. "Prófẹ́sọ̀," orúkọ tó fi máa ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn, "o ṣì ń yẹ nǹkan wò? Má ka orúkọ. Fún un níṣẹ́ ṣe, kí o wò ó. Èyí tó lórúkọ ńlá yẹn, má tà á." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé màámi béèrè mi?"

N kò lè purọ́ níbẹ̀. "Wọ́n béèrè yín. Wọ́n ń retí yín."

Ẹ̀yin ará, iná kò mú un kígbe tó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mú un kígbe. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan péré láyé, kí òun lọ gba ohun tí òun tà padà. Ẹni tó ń darí mi ní, "Ọjọ́ rẹ̀ ti tán." Igbe Jídé ló jí mi.

Mo rò ó pé bóyá ebi ààwẹ̀ ni, bóyá ìfura tèmi ló di àlá. Mo bá dán an wò. Mo ki káàdì olórúkọ ńlá bọ kọ̀ǹpútà, mo ṣí géèmù bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́, àwòrán ń já, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, kò sì tàn mọ́. Èyí kékeré gbé géèmù náà dé òpin. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, nítorí mo ti ń gbàdúrà pé kí àlá náà jẹ́ irọ́.

Èyí kékeré ni mo tà fún Sístà Bọ́lá. Ẹ̀yin tí ẹ ra káàdì lọ́wọ́ Jídé, ẹ gbé e wá, mo máa pààrọ̀ rẹ̀. N kò lè sọ pé èyí yóò bu omi sí iná rẹ̀. A kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń mí, tí ẹ mọ ohun tí ẹ fi ẹ̀tàn tà, ẹ dìde, kí ẹ lọ gbà á padà lónìí. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi omijé tọrọ ni ẹ wà nínú rẹ̀ yìí.