Òkú Tó Wà Nínú Fíìmù

Ariwo Computer Village kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn, àmọ́ mo gbọ́ màmá arúgbó kan ketekete níbi tí mo ti ń dúró de fóònù mi. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò fún ọmọkùnrin tó máa ń bá èèyàn kó fíìmù àtijọ́ sórí fóònù.

"Àbúrò mi wà nínú ẹ̀. Fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí ni. Wọ́n yìnbọn lù ú níbẹ̀, ó kú. Nígbà tí ìyá wa wò ó, igbe ni wọ́n fi bọnu, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi jókòó tì wọ́n."

"Àbúrò yín dà báyìí, Mà?" Ọmọkùnrin náà bi í.

"Ó kú sógun Bìáfírà. Wọn ò gbé òkú ẹ̀ wá. Ìyá wa ò sunkún o. Wọ́n ní, 'Ó ti kú lójú mi rí, ó sì dìde wá jẹun.' Alaalẹ́ ni wọ́n ń bu oúnjẹ ẹ̀ sílẹ̀, títí wọ́n fi kú."

Ọmọkùnrin náà ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Mà, ṣé kí n gé ibi tí wọ́n ti yìnbọn yẹn kúrò?"

"Má dán an wò. Ibẹ̀ nìkan la ti rí òkú ẹ̀."