Aṣọ Ọmọ Ọlọ́mọ Lórí Okùn Mi

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbíkẹ́yìn, ti ilẹ̀kùn. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, n ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́run. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ku ọdún méjì kó pé. Ilé tí ẹ jókòó sí yìí, irọ́ ni mo fi gbà á. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Ẹ rántí ilé tí a ń gbé tẹ́lẹ̀: yàrá kan fún èmi, yàrá kan fún ìyá yín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín wa. Èmi ń ránṣọ, ìyá yín ń fọ aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń fi yín sí. Èmi tí n ò bímọ, ẹ̀yin lẹ ń pè mí ní Mọ́mì Kékeré. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kéde ilé olówó pọ́ọ́kú, àwa méjèèjì la jọ lọ gba fọ́ọ̀mù. Àwọn tó há pọ̀ sínú yàrá kan ni wọ́n fẹ́ fún nílé, òṣìṣẹ́ wọn yóò sì wá fojú ara rẹ̀ rí i láìsọ ọjọ́. Ìyá yín kọ orúkọ yín. Èmi náà kọ ọ́ sí tèmi, orúkọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ojú ò tì mí. Oníbàárà mi kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó rọra ní, "Ìyáàfin, ẹ má jáde lọ́la o." N ò sọ fún ìyá yín. Ó ń kọrin jáde lọ lọ́jọ́ kejì.

Bó ti lọ tán, mo ká aṣọ yín kúrò lórí okùn rẹ̀, mo sá a sórí tèmi. Mo to bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo fún yín ní bisikíìtì, mo ní, "Bí àlejò bá dé, ẹ ṣáà máa pè mí ní Mọ́mì, ẹ fi Kékeré sílẹ̀." Ọkùnrin onífáìlì dé, ó ka orí, ó ka bàtà. Ó wá nàka sí yàrá òdìkejì: "Ẹni tó ń gbébẹ̀ ń kọ́? Òun náà ní òun lọ́mọ mẹ́ta." Ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyẹn? Òun nìkan ló ń gbé. Ẹ bi í, ọmọ dà?" Àkọ́bí, o wò mí. Ọmọ ọdún méje ni ọ́. O kàn gbé bisikíìtì rẹ sílẹ̀.

Wọ́n fún mi nílé. Wọ́n kọ̀wé sí ìyá yín pé ó purọ́. Ó gbé ìwé náà wá pé kí n bá òun kà á, èmi ìkà, mo kà á ketekete! Lọ́jọ́ tí mo kó wá síbí, òun ló bá mi fọ ilẹ̀. Ibí náà ló sì ń fi yín sí bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án sí i lẹ fi wà nínú yàrá tó ń jò yẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ ààrin ti kó ikọ́ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá yín ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ mi tó wú, mo bá jẹ́wọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mo ti mọ̀. Àkọ́bí sọ fún mi kí n tó bọ́ bàtà lọ́jọ́ náà. Ìwé tí mo gbé wá fún ọ yẹn, mo fẹ́ wò ó bóyá wàá jẹ́wọ́ ni."

"Kí ló dé tí o ò fẹjọ́ mi sùn?"

"Kí àwa méjèèjì lè pàdánù ilé? Inú bí mi o, má tan ara rẹ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kí ọ ní ìkíni tí kò dénú. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá máa tọ́jú àwọn ọmọ mi? Gbé ẹsẹ̀ kejì wá, jàre."

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń wẹ ẹsẹ̀ mi! Lánàá, a jọ lọ sí ọ́fíìsì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin ibẹ̀ wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀, wọ́n pẹ́. Ó jáde, ó ní mo ti sanwó ilé tán tipẹ́, pé ẹni tí mo rẹ́ jẹ ni kó sọ ohun tó fẹ́. Ìyá yín ní, "Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé ilé fún ẹlòmíì." Mo tún kọ orúkọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀. Òun ló bá mi di ìwé mú.

Ilé ti di tiyín. Bí ẹ bá ń wá ire, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán yín. Ẹ forí jì mí, pàápàá ìwọ, ọmọ ààrin. Okùn wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ lọ kó aṣọ yín wá sá.