Ìgò Màgìnísíọ̀mù Tí Mo Fọwọ́ Wọ̀n

Ẹ yin Ọlọ́run alààyè! Ẹ tún yìn ín! Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì yìí o! Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, wọn ò sí lábẹ́ ilẹ̀!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Bàbá Sámú tí ń ra kòkó ní Ìtapàjí. N kò parí ìwé púráímárì, ṣùgbọ́n bí mo bá bu kòkó sọ́wọ́, mo ti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Láti ibí dé Ìkọ̀lé, kò sí àgbẹ̀ tó tíì ta omi fún mi pé kòkó ni.

Ẹ rántí ìkórè tó kọjá? Tí mò ń fò níwájú pẹpẹ, tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, "Bàbá Sámú, ijó tuntun!" Ijó kọ́ o! Pajápajá ló mú mi lẹ́sẹ̀! Mò ń sunkún, ẹ ń yẹ́ mi sí!

Dókítà ní Ìkọ̀lé yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní, "Bàbá, ohun kan tí ń jẹ́ màgìnísíọ̀mù ló lọ sílẹ̀ lára yín. Èyí tí mo kọ yìí ni kí ẹ lò." Ìyàwó mi rà á wá. Ìgò bí ìka! Fún èmi? Mo lọ sí Ọyẹ́, mo rí ọkùnrin kan tó ń polówó màgìnísíọ̀mù tirẹ̀ ní gáréèjì: ìgò gìrìwò, nọ́ńbà ńlá lára rẹ̀. Mo gbé e délé.

"Ìyá Sámú, gba méjèèjì. Èwo ló wúwo?"

"Òkúta pàápàá wúwo, ṣé ẹ ó gbé e mì ni?"

Mo gbé e mì. Ìgbẹ́ gbuuru dé! Pajápajá di ìlọ́po méjì! Mo ní oògùn ń bá àìsàn jà nìyẹn, mo tún fi kún un. Níbi tí mo ti ń wọn kòkó, ojú mi ṣú, mo ṣubú lé àpò. Ìyá Sámú gbá mi mọ́ra lórí ọ̀kadà bí ọmọ ọwọ́, ó di Ìkọ̀lé. Èmi géńdé!

Dókítà wo ìgò, ó figbe ta. "Ta ló ní kí ẹ lo èyí? Bàbá, nọ́ńbà yìí, gbogbo ẹrù inú kóró oògùn ni wọ́n wọ̀n. Màgìnísíọ̀mù inú rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ara ò sì ń gba púpọ̀ nínú irú èyí. Ìgbẹ́ ló ń fà, ìgbẹ́ náà ló tún ń ṣan ti ara yín dànù. Bí ẹ bá wọn kòkó tútù, ṣé gbogbo rẹ̀ ni kòkó?"

Háà! Èmi! Omi ni wọ́n tà fún èmi!

Kò tíì tán. Ó ní, "Bí kíndìnrín yín ò bá lágbára láti tú u jáde, ó lè dá ọkàn yín dúró. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi wọlé lọ, èmi àti Ìyá Sámú ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tí dókítà jáde, ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, kíndìnrín yín pé."

Halelúyà! Mo bú sẹ́kún! Wọ́n fa omi sí mi lára, mo padà sídìí ìgò bí ìka. Pajápajá lọ, kò tíì bojú wẹ̀yìn.

Olúwa, o ṣé! O ṣé, Ìyá Sámú, bí mo tiẹ̀ ra iyọ̀ wọlé báyìí, wàá bi mí pé, "Ṣé ó gbẹ, àbí ó ṣì tutù?" Ìwọ tí àìsàn ń dà láàmú, má fọwọ́ wọn oògùn. Béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọkàn mi dúró, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ náà.

Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé e! Bí ẹ bá rí mi tí mò ń fò lónìí, ẹ má ṣàánú mi. Ijó ni!