Èmi Ni Mo Kọ Màmá, Kì Í Ṣe Àwọn Ará Sípéènì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi tán. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì dà nínú mi títí dòní. Ǹ bá ṣì máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní Sunday tó ń bọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi fẹ́ kí n dìde láàárín àwọn ará àsàlátù wa, kí n jẹ́rìí sí àrà kan tí Ọlọ́run dá. Àrà náà, irọ́ mi ni.

Peckham ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ wa Kàmílà tó wà ní yunifásítì, àti Màmá. Màmá ni ìyá ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti mú wọn wá láti Ìwó, wọ́n sì ti gba ìwé ìgbélùú, àmọ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n ṣì ń lò. Èmi àti ọkọ mi ti gba ti ìlú yìí, àwa ò nílò físà láti lọ sí Sípéènì. Màmá nílò ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè parọ́.

Kí n má tún purọ́ kún irọ́, Màmá kì í ṣe ìyá ọkọ burúkú. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé wọ́n fẹ́ràn ènìyàn lọ. Bí a bá fẹ́ ra ẹja ní Rye Lane, wọ́n á bá wa lọ. Bí èmi àti ọkọ mi bá ní ká lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ní pápá Peckham Rye, wọ́n á ti wọ bàtà. Wọ́n á ní, "Ẹ dúró dè mí o, ẹsẹ̀ ló ń ro mí, ẹnu ò ro mí." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa jọ rìn, Màmá á sì wà láàárín.

Nígbà tí ọkọ mi wá ní òun ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, tó ní ká lọ ṣe họ́lìdé ní Sípéènì, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú eyín kan ní Lewisham ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń gba àwọn tí eyín ń dùn wọlé. Wọ́n ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, èmi ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti ráyè báyìí, fóònù mi ti jáde nìyẹn, mò ń wo Seville, mò ń wo Córdoba, mò ń wo Granada. Mo fẹ́ rí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà ní Córdoba, èyí tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ rí ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí ní Granada. Jù gbogbo ẹ̀ lọ, mo fẹ́ jókòó ti ọkọ mi nínú réluwé, kí n gbé orí lé e léjìká, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ṣé orí ló ń fọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tá a ti ń jẹun, ọkọ mi ní, "Màmá náà á bá wa lọ, àbí?"

Kí n tó gbé òkèlè mì, Màmá ti fèsì. Wọ́n ní, "Inshallah. Láti ilé kéú ni mo ti ń gbọ́ nípa mọ́ṣáláṣí yẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Látìgbà tí mo ti bí Kàmílà, èmi àti ọkọ mi ò tíì jọ sùn sí ìlú mìíràn, àwa méjì péré. Bí òun bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, èmi ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Mo wọ bálùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi, mo sì sunkún díẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi jáde, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Èmi ni mo máa ń bójú tó ìwé gbogbo nínú ilé wa. Ti council ni o, ti báńkì ni o, ti páásípọ́ọ̀tù ni o, ọkọ mi kì í wò ó, á sáà ní kí n fi ibi tí òun á fọwọ́ sí han òun. Èmi náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ físà Màmá lé lọ́wọ́. Mi ò fi nǹkankan ránṣẹ́ síbì kankan. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, mo wá fajú ro, mo wọ pálọ̀. Mo ní, "Màmá, àwọn ará Sípéènì kọ̀ o. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ̀, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ wá tẹ̀ka." Ẹni tó bá ti gba físà rí á mọ̀ pé nǹkan kì í rí bẹ́ẹ̀. Màmá àti ọmọ wọn ò mọ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú, mo sì ti múra sílẹ̀ de ẹkún. Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá ṣe? Wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó dùn ẹ́, ìyàwó mi. O gbìyànjú. Àwọn tó kọ̀ mí yẹn, wọn ò mọ̀ mí ni." Wọ́n sì wọ kíṣìnì lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í din ṣinṣín tá a máa jẹ lọ́nà.

A lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a gbádùn. Ní Seville, igi ọsàn ló kún gbogbo títì. Ọkọ mi já ọ̀kan, ó bù ú jẹ, kíkan àti kíkorò ló sì bá níbẹ̀, ojú ẹ̀ fún pọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ní Granada, ó di ọwọ́ mi mú gun òkè, ó ní kí n má baà ṣubú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú réluwé, mo gbé orí lé e léjìká. Ó ti sùn lọ. Ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́, inú ẹ̀ dùn pé ẹlòmíràn ló ń wà á.

Ìgbà tá a dé Córdoba, Màmá pè wá lórí fídíò. Kàmílà ló bá wọn di fóònù mú. Wọ́n ní, "Gáníyù, gbé e sókè, jẹ́ kí n rí àwọn òpó yẹn." Ọkọ mi ń gbé e kiri, Màmá ń sọ pé, "Subhanallah, subhanallah." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Ojú yín lojú mi." Ọkọ mi nu ojú ẹ̀. Èmi ò lè wo fóònù yẹn mọ́, mo ṣe bí ẹni tó ń wá omi nínú báàgì.

A padà délé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àṣé Màmá ti gbé e dé àsàlátù. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Old Kent Road la ti máa ń ṣe é ní gbogbo Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá kan, àwọn tó ń fọ mọ́tò wà lápá kejì. Màmá á dìde, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí ọkàn àwọn ará Sípéènì rọ̀ sí mi." Àwọn ìyá á dáhùn, "Àmín." Ìyá kan tiẹ̀ fẹ́ ṣépè fún àwọn ará Sípéènì lọ́jọ́ kan. Màmá ní, "Ẹ má ṣépè fún wọn o, ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ lọ." Èmi náà á jókòó síbẹ̀, màá máa ṣe àmín pẹ̀lú wọn, ara mi á máa gbóná.

Torí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti Màmá lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, bí Ọlọ́run bá ṣílẹ̀kùn, ìlú wo lẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ dé?" Mo kàn fẹ́ fi tù wọ́n nínú ni. Ó di nǹkan wa. Wọ́n ní Seville làwọn máa kọ́kọ́ dé, kí àwọn lè bi wọ́n léèrè ẹni tó gbin ọsàn kíkorò sójú títì. Wọ́n ní gààrí ò gbọdọ̀ wọ́n nínú báàgì. Wọ́n kọ́ "gracias," ìyẹn "ẹ ṣé" lédè Sípéènì, wọ́n sì ń lò ó fún ẹlẹ́ja ní Rye Lane, ẹni tí kì í ṣe ará Sípéènì rárá. Kàmílà ní, "Mum, Grandma ń wo Spain lórí fóònù mi everyday. Dátà mi ti tán, I beg."

Níbi tá a ti ń ṣe ètò yẹn ni mo ti wá mọ̀ wọ́n. Wọ́n sọ fún mi nípa ìgbà tí àwọn jẹ́ ìyàwó tuntun. Ọkọ wọn fẹ́ fi réluwé gbé wọn láti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin. Ìyá ọkọ wọn ní òun náà ń lọ, ó sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì títí wọ́n fi débẹ̀. Màmá ní, "Ìyá yẹn, díẹ̀ ló kù kí n tì í jábọ́ lójú fèrèsé." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Mo lanu láti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín yẹn dùn jù, mi ò fẹ́ bà á jẹ́, ni mo bá pa ẹnu dé.

Ní ọdún yìí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo béèrè físà Màmá ní tòótọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ ìtẹ̀ka fún wa. Màmá wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá wọ́n ti kọ físà Màmá rí. Kí n tó sọ̀rọ̀, Màmá ti nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Yes, my daughter. They refuse me. But I forgive."

Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó tún un wò. Ó ní òun ò rí i pé wọ́n kọ Màmá rí, àkọ́kọ́ wọn nìyí. Mo ṣàlàyé fún Màmá pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé wọn ò rí nǹkankan níbẹ̀. Màmá wò mí, wọ́n wo kọ̀ǹpútà náà, ojú wọn wá ń tàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí. Wọ́n ní, "Ìyá Kàmílà, wọn ò rí i mọ́. Ọlọ́run ti pa á rẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá sọ níwájú káńtà yẹn? Mo ní, "Alhamdulillah." Màmá ń dúpẹ́ nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé Peckham, wọ́n sì sọ ọ́ fún obìnrin tó jókòó tì wá, obìnrin náà bá wọn yọ̀. Nígbà tí físà jáde, ọkọ mi gbé ìyá ẹ̀ jó nínú kíṣìnì. Inú ilé wa dùn bí ọjọ́ Iléyá.

Ọkọ mi fẹ́ lọ gba ìsinmi. Màmá ní, "Gáníyù, jókòó sílé kí o máa wo Kàmílà. Ẹni tó bá mi jìyà ẹ̀ lèmi ń bá lọ." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Èmi tí mo parọ́ kí Màmá má baà bá mi lọ, èmi nìkan ni Màmá mú. Òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé inú mi dùn sí ìrìnàjò yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ti mú òtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, nítorí orúnkún wọn. Wọ́n ní nínú réluwé, èmi ni kí n jókòó sójú fèrèsé, kí ìyàwó má baà ti àwọn náà jábọ́. A rẹ́rìn-ín bí ẹni máa kú.

Ní Sunday, Màmá máa ṣe sàráà fún àwọn ará àsàlátù. Wọ́n máa sọ bí Ọlọ́run ṣe nu orúkọ àwọn kúrò nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní kí n dìde, torí èmi ni ẹlẹ́rìí. Kí n fi orúkọ Ọlọ́run gbe irọ́ ara mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, ojú á ti Màmá lójú gbogbo àwọn tó bá wọn ṣàdúrà. Ọkọ mi lè dárí ohun gbogbo jini, àmọ́ kì í fi ìyá ẹ̀ ṣeré. Mi ò sì fẹ́ kí Màmá tún wò mí bí ẹni tí wọn ò mọ̀.

Lánàá, a ń di báàgì. Mo ń ká ìborùn wọn, wọ́n ń ti gààrí bọ àárín aṣọ. Màmá ní, "Ìyàwó mi, ká ní wọn ò kọ̀ mí nígbà yẹn, ìwọ àti èmi ì bá má mọra báyìí. Ẹni tó kọ̀ mí yẹn gan-an, bí mo bá rí i, ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Mo tú ìborùn yẹn, mo tún un ká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ dárí jì mí, ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sunday. Ẹni tí Màmá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló ń bá wọn di báàgì.