Ẹni Tí Mo Mú Jáde Lẹ́yìn Aṣọ

Wọn yóò so mí rọ̀. Adájọ́ ti dá a, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti fọwọ́ sí i, ó ku kí wọ́n wá mú mi nínú yàrá yìí. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ìgbà tí agbára ìgbanisíṣẹ́ wálé, ara mi ṣì máa ń yá gágá, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni mí ní Rẹ́mọ. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́ n'Íjokù, Abẹ́òkúta la ó kọ̀wé sí, wọn á sì gbàgbé wa. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta ni yóò fi ẹlòmíràn ránṣẹ́, ẹni tí kò mọ ọ̀nà Likosi yàtọ̀ sí ti Ìpẹ̀rú. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Mo jó nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Mo jó dáadáa.

Ohun kan ṣoṣo ló bà wá lẹ́rù. Gbogbo wa la mọra. Ta ló máa wo ojú ọmọ tí òun bá jẹ ìkómọ rẹ̀, kó ní kó máa lọ sílé? Màmá Ṣówándé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì n'Íkẹ́nnẹ́, tí ìjọba fi kún àwa tí à ń dán àwọn tó ń wáṣẹ́ wò, ni wọ́n wá ojútùú sí i. Wọ́n ní ká ta aṣọ sí àárín gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń wáṣẹ́ á wà lẹ́yìn aṣọ, àwa á wà níwájú. Wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ. Wọn kò gbọdọ̀ kí wa pàápàá, nítorí ẹni tó bá ti ní "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́" ti sọ ilé tó ti wá.

Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Inú bí Àlhájì olóbì tó jẹ́ ọ̀kan lára àwa tó ń dánwò.

"Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

"Àlhájì, ìbéèrè tí a ò gbọdọ̀ bi ara wa nìyẹn," Màmá dáhùn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ó sì ṣiṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé tó máa ń sùn sí Abẹ́òkúta ń jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá. Nọ́ọ̀sì tí a gbà mọ abẹ́rẹ́ í gún. Àwọn ará Ìpẹ̀rú ń wá wò wá bí ẹni ń wòran.

Ni iṣẹ́ ẹni tí yóò máa da oògùn apakòkòrò sómi ẹ̀rọ bá ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi.

"Àbúrò, Ṣẹ́gun ọmọ mi jókòó sílé o, kò níṣẹ́."

"Kó wá dúró sẹ́yìn aṣọ bíi tàwọn yòókù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìjọba ti wálé, ìwọ ń ṣe bí ẹni tó ṣì wà l'Abẹ́òkúta. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà, ṣé èmi náà lo fẹ́ ta aṣọ sí lójú?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ ìdánwò, Màmá bi wọ́n bí wọn yóò ṣe máa wọn oògùn sí táńkì. Ẹnì kan ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ẹlòmíràn ní, "Màá kàn fojú díwọ̀n ẹ̀." Mo mọ ohùn Ṣẹ́gun. Gbogbo wa fẹnu kò sí ẹni tó ṣàlàyé. Èmi akọ̀wé ni mo sì máa ń lọ mú ẹni tó bá borí jáde. Mo lọ sẹ́yìn aṣọ. Mo mú Ṣẹ́gun jáde.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ẹnì kan ni mo dì mú dípò ti ẹnì kejì.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò. Ọmọdé kan kú. Màmá lọ síbi táńkì, wọ́n bi Ṣẹ́gun bó ṣe ń wọn oògùn, ó sì fún wọn ní èsì tó fún wa lọ́jọ́ ìdánwò gẹ́lẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbà wá.

"Ẹni tí a yàn kọ́ lo mú jáde."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí."

"Ọmọ ti kú. Lọ sọ ọ́ fún alága ìbílẹ̀ fúnra rẹ. Tó bá di ọjọ́ Ajé tí o ò sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Mi ò sọ ọ́. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo wa ọkọ̀ lọ s'Íkẹ́nnẹ́. Mo rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà fẹ̀, mi ò lè purọ́ pé kò fẹ̀. Mo yí ọkọ̀ sí wọn, mo sì fi kún eré. Màmá kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn rí mi kedere.

Ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní Ṣẹ́gun ti lọ kọ́ṣẹ́ omi ní tòótọ́, pé ó ti mọ̀ ọ́n débi pé ó ń kọ́ ẹlòmíràn. Inú mi dùn, mo fò sókè nínú yàrá yìí. Ìgbà tó yá ni mo jókòó tí mo sunkún. Ẹni tó máa sọ fún un pé kò tíì mọ̀ ọ́n ni ọmọ yẹn ń wá. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dára bí agbára ṣe wálé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí tèmi ní kí wọ́n gbé e padà. Àmọ́ bí ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ bá jẹ́ èèyàn yín, ẹ má lọ bá a nílé. Bí ẹ̀yin náà bá dọ̀gá lọ́la, tí ọmọ ìyá yín kò kúnjú ìwọ̀n, ẹ sọ fún un lójú ara rẹ̀. Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú. Tó bá bínú tán, yóò lọ kọ́ ọ.