Ojú Ìwé Tí N Kò Nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, nítorí èmi náà ti bú ara mi títí ètè mi fi gbẹ. Ọmọ kan wà ní ìlú Moretan tó pé ọjọ́ mẹ́fà lónìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kọ́ ló bí i. Ìyá mi ní kì í ṣe ènìyàn rárá, pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí a kò bá sọ lórúkọ yóò padà síbi tó ti wá. Nínú gbogbo ìdílé wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ènìyàn ni ọmọ yìí. Èmi yìí kan náà ni mo sọ ọ́ di iwin.

Atakpamé ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní Lomé, mo padà sílé, mo sì rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bá ilé ìwòsàn kan tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló wà lọ́dọ̀ wa. Inú rẹ̀ ni a dá kọ̀ǹpútà mìíràn sí, èyí tí ọwọ́ kò lè kàn, tí a ń pè ní àlejò; inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wà, a sì tì í pa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwa onílé gan-an kò fi lè rí ohun tí àlejò náà ń ṣe. Ojú ìwé lóríṣiríṣi ni wọ́n pín iyè rẹ̀ sí. Iṣẹ́ mi ni láti máa mọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà: èyí jẹ́ ti àlejò nìkan, èyí jẹ́ àjọlò tí àwa náà lè rí, èyí ṣófo. Bí àlejò bá fẹ́ tẹ ìwé fún aláìsàn, orí ojú ìwé àjọlò ni yóò gbé e sí kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè rí i. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó nu ojú ìwé náà mọ́, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣófo. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ipò rẹ̀ ni kí o máa wò. Má ka inú rẹ̀ o."

Àwọn nọ́ọ̀sì ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo yọ nínù kúrò. Mo ní ṣebí ojú ìwé tí wọ́n máa kọ nǹkan mìíràn sí náà ni, kí là ń nù ún sí? Ẹ̀rọ wá ń sáré, wọ́n ń yìn mí, orí mi wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìwé kan kọ̀, kò jáde. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kọ oògùn fún aláìsàn náà, ó sì lọ. Èmi ń wá ìdí tí ìwé náà fi kọ̀, mo bá ṣí ojú ìwé àjọlò náà, mo kà á. Orúkọ Akọsíwá ló wà lókè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi! Ọmọ àgbẹ̀ Moretan ni, ọmọ jẹ́jẹ́. Ẹ mọ̀ pé gbogbo ọmọ ilé lọkọ ìyàwó, "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè mí. Oògùn ibà wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ìlà méjì péré. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé wọ́n ti gé ilé ọmọ aláìsàn yìí kúrò pátápátá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi rántí àpá kan níkùn ìyàwó, èyí tí Akọsíwá sọ pé iṣẹ́ abẹ ìgbà èwe ló fà á. Ó ní, "Áà! Abájọ tí kò fi tíì lóyún!" Akọsíwá kò mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́; ó búra títí, ó sunkún títí. Ta ló gbà á gbọ́? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ sí Moretan. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò mú ìròyìn dé pé Akọsíwá lóyún. Ẹ̀rù bà wá! Ẹni tí kò ní ilé ọmọ, kí ló wà nínú ikùn rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kò lè jẹun mọ́. Mo lọ sí Moretan lọ́jọ́ ọjà kí n lè fojú ara mi rí i. Oòrùn ń ràn, èrò kún ọjà fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Akọsíwá ṣófo. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó jókòó ti gàrí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo rí i tí nǹkan rọra yí lábẹ́ ìró rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ọkọ mi kékeré, ẹ káàbọ̀!" Mo sá! Èmi tí mo kàwé, tí mo ń fi ẹ̀rọ jẹun, mo sá bí ẹni tó rí òkú.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ojú mi là. Nọ́ọ̀sì kan mú ìwé kan wá fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Datcha ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Oògùn ẹ̀yìn ríro ló wà lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé oyún rẹ̀ pé oṣù méje. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá ní kí a bá òun bi yín, ta ni yóò gbẹ̀bí òun?" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ṣí àkójọ ipò àwọn ojú ìwé. Ojú ìwé tí wọ́n lò fún bàbá, "ó ṣófo" ni mo kọ sí i, bẹ́ẹ̀ kò ṣófo. Bíi síléètì tí ọmọdé kò nù ni: o kọ kúkúrú sókè, ti àná ṣì ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Mo wá lọ wo ti ọjọ́ Akọsíwá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti lo ojú ìwé kan náà fún obìnrin mìíràn, tí n kò mọ̀ rí. Òun ni wọ́n gé ilé ọmọ rẹ̀. Yéè! Mo gbé!

Mo dá nínù padà lọ́jọ́ náà, n kò sì sọ fún ẹnì kan. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, nítorí mo ka ohun tí wọ́n ní kí n má kà. Ìyá mi yóò mọ̀ pé ọmọ-ọmọ òun ni òun ń pè ní iwin. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ojú wo ni yóò fi wò mí?

Láàárọ̀ yìí ni Akọsíwá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, igbe ọmọ tuntun lásán ni. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ọ̀túnla lọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, n kò rí ẹni tó máa bá mi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Nínú ilé yẹn, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ ọ̀túnla tó mọ́. Ẹnu tí mo fi lé ìyá rẹ̀ jáde yìí, ṣé òun náà ni n ó fi pe orúkọ ọmọ náà?